Wàínà Dídín Lọ́dọ̀ Goggo

Wàínà dídín ni iṣẹ́ tí mo kọ́ ní Rigasa. Oúnjẹ Hausa tí a fi ìrẹsì lílọ̀ dín ni, àwọn mìíràn ń pè é ní màsà. Míṣọ́nnárì ni èmi àti bàbá àwọn ọmọ mi. Ìjọ wa nílẹ̀ Yorùbá ló rán wa wá sí òkè Ọya, wọ́n sì ti kọ́kọ́ fi wá sílé ẹ̀kọ́ míṣọ́n kí wọ́n tó gbọ́wọ́ lé wa lórí. Wọ́n kọ́ wa ní Bíbélì, wọ́n kọ́ wa ní àwẹ̀ àti àdúrà òru, wọ́n kọ́ wa bí a ṣe ń kọ ìròyìn ránṣẹ́ sílé. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé ìyá Hausa kan tó ń kírun ìgbà márùn-ún lójúmọ́ ni yóò di ọ̀gá mi, tí n ó máa kúnlẹ̀ kí láàárọ̀ kí n tó fọwọ́ kan ohunkóhun.

Ẹni tó bá mọ Kàdúná mọ Rigasa. Abẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Igabi ló wà, ní apá ìwọ̀-oòrùn ìlú. Àdúgbò èrò ni, ilé kan ara wọn gbágbágbá, mọ́sáláṣí kò sì jìnnà sí ẹnu ọ̀nà ẹnikẹ́ni. Ìjà ẹ̀sìn ọdún 2000 ló pín Kàdúná sí méjì. Ọ̀pọ̀ Kìrìsìtẹ́nì kó lọ sí gúúsù, sí Sabon Tasha, Narayi àti Gonin Gora. Ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí kó wá sí Tudun Wada àti Rigasa. Nígbà tí wọ́n ṣí ojú irin tuntun láti Idu ní Àbújá sí Rigasa ní Oṣù Keje 2016, kìlómítà 186, ará ibi gbogbo bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ orúkọ àdúgbò náà. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wọn kàn ń sọ̀ nínú reluwé ni, wọ́n á wọ táksí, wọ́n á bá tiwọn lọ. Àwa ní ibẹ̀ gan-an la fẹ́ gbé. Àwọn ará ìjọ ní Sabon Tasha wò wá títí. Ìyá àgbà kan bi mí pé, "Ọmọ mi, ṣé kò síbòmíràn ni?"

Ìgbé ayé wa níbẹ̀ kò ní ariwo. Ìpè àsùbáà ló ń jí wa. Bí àwọn aládùúgbò bá ti ń fọwọ́ fọsẹ̀ lọ sí mọ́sáláṣí, àwa náà á kó àwọn ìbejì wa jókòó sórí ẹní, a ó ka Sáàmù kan, a ó gbàdúrà jẹ́jẹ́, torí ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín àwa àti ilé kejì. Àwọn ọmọ á lọ síléèwé. Ní ìrọ̀lẹ́, bàbá wọn ń kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò ní ìṣirò lọ́fẹ̀ẹ́. Ọjọ́ Àìkú, a ó wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá lọ sí ìjọ ní òdìkejì ìlú. Ọkùnrin tètè rí ẹni bá sọ̀rọ̀ níta. Èmi ni mo jókòó sílé tí n kò mọ ilẹ̀kùn tí n ó kàn. Owó tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí wa máa ń dé, àmọ́ ó máa ń falẹ̀ ná.

Lẹ́yìn ògiri yẹn ni Goggo ń gbé. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo àdúgbò ń pè wọ́n, gẹ́gẹ́ bí ọmọ Hausa ṣe ń pe arábìnrin bàbá rẹ̀. Opó ni wọ́n, wàínà ni wọ́n sì fi tọ́ àwọn ọmọ wọn. Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, òórùn rẹ̀ á ti gba ojú wíńdò wọlé, àwọn ìbejì mi á sì ti lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà wọn. Wọn kì í gba owó lọ́wọ́ àwọn ọmọ náà. Mo lọ dúpẹ́, mo wá fi Hausa ilé ẹ̀kọ́ mi bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n kọ́ mi níṣẹ́. Wọ́n gba ọwọ́ mi, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò lójú àti lẹ́yìn.

"Ọwọ́ ìwé nìyí," ni wọ́n wí. "Maman 'Yan Biyu, máa bọ̀ lọ́la, lẹ́yìn àsùbáà." Ìyá Ìbejì ni ìtumọ̀ orúkọ tí wọ́n fún mi yẹn.

Mo rò pé ìdí iná ni wọn ó mú mi lọ. Àtẹ ìrẹsì ni wọ́n gbé ka iwájú mi. Ìrẹsì tùwó ni wàínà ń fẹ́, ìrẹsì ilẹ̀ wa tó kúrú, tó máa ń lẹ̀ mọ́ra tó bá jinná. Ìrẹsì gígùn tí à ń jẹ níbi ìnáwó kò wúlò fún un. Òkúta sì pọ̀ nínú ìrẹsì tùwó. Èyí tó dúdú kò ṣòro. Òkúta funfun ni ọ̀tá, torí àwọ̀ rẹ̀ àti ti ìrẹsì kò yàtọ̀. Tí mo bá ní mo ti ṣà á tán, Goggo á fi ìka kan ru ú, wọn ó fa òkúta yọ, wọn ó gbé e sí mi lọ́wọ́ láìsọ nǹkan kan. Ó ń dùn mí ju èébú lọ. Ó pẹ́ kí wọ́n tó gbà kí n fọ̀ ọ́, kí n rẹ ẹ́ sómi, kí n gbé e lọ sílé ẹ̀rọ ní ìrọ̀lẹ́.

Iṣẹ́ wà nílé ẹ̀rọ náà. Ẹ kò gbọdọ̀ jẹ́ kí wọ́n da ìrẹsì wàínà sẹ́nu ẹ̀rọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ ata, àfi tí wọ́n bá ti fi omi ṣàn án dáadáa níṣojú yín. Ẹ kò sì gbọdọ̀ jẹ́ kí ọmọkùnrin tó ń lọ̀ ọ́ bu omi sí i bó ṣe wù ú, torí omi ló ń jẹ́ kí iṣẹ́ tiẹ̀ yá. Ìyà rẹ̀ á wá kù sọ́dọ̀ yín. Goggo kọ́ mi pé kí n máa mú díẹ̀ sáàárín àtàǹpàkò àti ìka ìtọ́ka, kí n fi rin ara wọn. Tí mo bá ṣì ń gbọ́ yanrìn níbẹ̀, kí n dá a padà sẹ́nu ẹ̀rọ. Mo ti bá ọmọkùnrin náà ṣe awuyewuye tó bẹ́ẹ̀ tí Hausa mi fi já gaara. Ibẹ̀ ni mo ti mọ Hausa tí wọn kì í kọ́ni nílé ẹ̀kọ́ míṣọ́n.

Kì í ṣe gbogbo ìrẹsì náà là ń lọ̀ ní tútù. Goggo máa ń yọ nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún sọ́tọ̀, wọn ó sè é títí á fi rọ̀ dẹ́dẹ́, wọn ó jẹ́ kó tutù, wọn ó wá pò ó mọ́ èyí tí a lọ̀. Òun ló ń jẹ́ kí inú wàínà rọ̀ kó má sì fọ́. Tí ìrẹsì sísè bá pọ̀ jù, á lẹ̀ mọ́ tanda, páànù tí a fi ń dín in. Tó bá kéré jù, á gan. Lẹ́yìn ìyẹn ni yíìsì àti ṣúgà díẹ̀, a ó bò ó, a ó fi í sílẹ̀ mọ́jú. Kí ó nípọn díẹ̀ ju ògì tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ pò lọ, ìyẹn nìkan ni òdiwọ̀n tí mo rí gbà. Wọn kì í fi ife wọn omi. Bí mo bá bi wọ́n pé báwo ni yóò ti pọ̀ tó, wọn ó ní kí n ti ọwọ́ bọ̀ ọ́.

Mo ti ọwọ́ bọ̀ ọ́ láìmọye ìgbà kí n tó gbọ́ ohun tí wọ́n ń gbọ́. Nígbà tí ọyẹ́ bá mú, ìrẹsì lílọ̀ kì í wú bọ̀rọ̀. Ọyẹ́ Kàdúná ń wọ egungun. Goggo á fi bùláńkẹ́ẹ̀tì wé ìkòkò, wọn ó gbé e sí kọ̀rọ̀ tí iná àná ṣì mú móoru. Ní Oṣù Kẹta àti Oṣù Kẹrin tí ooru gbóná janjan, kí a tó dé orí ẹní ló ti wú, tó bá sì di òwúrọ̀ ó ti kan. Ìgbà yẹn ni kán-ún wúlò: a ó fi omi yọ́ ọ, a ó sẹ́ ẹ, a ó ta á sí i díẹ̀díẹ̀ títí kíkan náà á fi rọlẹ̀. Bí kán-ún bá fi díẹ̀ lé, wàínà á pọ́n, á sì máa rùn bí ọṣẹ. Òwúrọ̀ kan tí mo ṣí ìdérí, òórùn rẹ̀ nìkan ni mo gbọ́ tí mo fi sọ pé, "Goggo, ó fẹ́ kán-ún." Wọ́n rẹ orí sílẹ̀, wọ́n tọ́ ọ wò, wọ́n ní kí n lọ mú kán-ún wá. Wọn kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, ọwọ́ mi ni wọ́n fi kán-ún sí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti tanda. Páànù alámọ̀ ni, ojú kòtò wẹ́wẹ́ wà lára rẹ̀, ojú kan fún wàínà kan. Èyí tí wọ́n fi irin tàbí páànù yọ́ ṣe pọ̀ lọ́jà báyìí. Goggo kò ka ìyẹn sí. Wọ́n ní irin ń jó ìsàlẹ̀ kí inú tó jinná, pé amọ̀ ló ń fi sùúrù gba iná. Tanda tuntun kò ṣeé dín nǹkan sí lójú ẹsẹ̀: a ó fi òróró pa á lára, a ó gbé e sórí iná pẹ́lẹ́ títí òróró náà á fi wọ inú amọ̀, a ó tún pa á, a ó tún gbé e kaná. Ẹni tó bá kánjú, tanda á sán. Orí àdògán onírin tí wọ́n rọ ní Panteka ni tiwọn máa ń wà, èédú sì ni iná rẹ̀. Ìdí èédú yìí ni mo ti sunkún jù, tí n kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí i. Mo sọ pé èéfín ni.

Ìdí ni pé iná tanda kò rí bákan náà yí ká. Ojú àárín ló ń gbóná jù, àwọn ojú etí ń fà sẹ́yìn. Nítorí náà, etí là ń kọ́kọ́ da ìrẹsì sí, a ó da ti àárín kẹ́yìn, ti àárín la ó sì kọ́kọ́ yí padà. Bí iná bá pọ̀ jù, a ó fi ẹ̀mú fa èédú méjì mẹ́ta jáde. Bó bá kéré, a ó mú abẹ̀bẹ̀. Goggo kì í wo iná. Wọ́n á ta omi kán sí ojú tanda kan, wọn ó tẹ́tí sí i. Tó bá dákẹ́ kó tó gbẹ, iná kò tíì tó. Tó bá ta "tààà" tó sì pòórá, ó tó. Wọn ó wá fi ṣíbí kán òróró sí ojú kọ̀ọ̀kan, wọn ó ní "Bismillah", wọn ó sì fi ìgbákọ da ìrẹsì sí i, gbogbo rẹ̀ á kún dọ́gba bí ẹni fi òṣùwọ̀n wọ̀n ọ́n.

Nígbà tí ìgbákọ dé ọwọ́ mi, mo dúró. Goggo ní kí ló dé. Mo ní n kò mọ ohun tí n ó sọ kí n tó dà á. Wọ́n ní kí n pe Ọlọ́run mi bí mo ṣe ń pè é, pé obìnrin tó bá da oúnjẹ sórí iná láìpe Ọlọ́run, ebi ló ń sè. Mo pe "Ní orúkọ Jésù" lábẹ́ ètè, mo dà á. Ti àárín ni mo kọ́kọ́ dà.

"Ba haka ba," ni Goggo wí. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Gbólóhùn yẹn ni mo gbọ́ jù lọ ní gbogbo ìgbà tí mo fi kọ́ṣẹ́. Wọn kì í pariwo rẹ̀. Wọ́n á sọ ọ́, wọn ó gba ìgbákọ lọ́wọ́ mi, wọn ó ṣe é lẹ́ẹ̀kan, wọn ó dá a padà. Yíyí ló le jù. Ṣíbí tó rí pẹlẹbẹ là ń fi yí i: a ó fi í tọ etí wàínà yí ká kó lè tú kúrò lára amọ̀, a ó tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, yóò fi ẹ̀gbẹ́ dúró, a ó wá bì í kó dojú dé. Bí a bá tì í kó tó tú, á ya. Bí a bá pẹ́, á pọ́n kọjá ààlà. Etí nìkan ni Goggo fẹ́ kó pọ́n, kí ojú ṣì funfun. Tèmi ń ya, ó ń wọ́, ó ń jó. Goggo kì í da á nù. Inú abọ́ kan lọ́tọ̀ ni wọ́n ń kó o sí, àwọn ọmọ ilé kéwú, àlùmájìrí, tó bá kọjá ni wọ́n sì ń fún. Àwọn ọmọ wọ̀nyí ló kọ́kọ́ jẹun iṣẹ́ mi, àdúrà wọn sì wà lórí mi títí dòní. Èyí tó gbójú jù nínú wọn ti mọ abọ́ mi. Bó bá ti dé, á bi Goggo pé ṣé Maman 'Yan Biyu ti dín nǹkan.

Bí mo ṣe mọ̀ pé mo ti ń mọ̀ ọ́n kò ní ariwo nínú. Goggo ní kúlà ńlá kan tí wọ́n ń kó wàínà títà sí. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n ń kó tiwọn sí i, wọ́n na ọwọ́, wọ́n kó tèmi náà mọ́ ọn. N kò lè mí. Onímọ́tò kan ra nínú rẹ̀, ó jẹ ẹ́ lórí ìdúró pẹ̀lú míyà tàùṣé, ọbẹ̀ elégédé àti ẹ̀pà yẹn, ó sanwó, ó lọ. Kò mọ ẹni tó dín èyí tó jẹ.

Mo ti rò ó dáadáa, mo rí i pé ẹ̀kọ́ yìí kì í ṣe tuntun lọ́nà míṣọ́n. Kí àwọn míṣọ́nnárì Walter Miller àti Bíṣọ́ọ̀bù Tugwell tó wọ ilẹ̀ Hausa ní 1900, Trípólì ni wọ́n ti kọ́kọ́ lọ jókòó kọ́ èdè lẹ́nu àwọn Hausa tó wà níbẹ̀. Miller lo ọ̀pọ̀ ọdún ní Zaria, Bíbélì Hausa lódindi kò sì jáde títí di 1932. Àwọn Yorùbá náà: akọ̀wé, òṣìṣẹ́ reluwé, oníṣòwò ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó di Bíbélì mọ́ ẹrù wọn bá ojú irin gòkè Ọya, ọjà ni wọ́n ń tà, ará ìlú sì mọ̀ wọ́n mọ ọjà wọn. Nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ dá ẹgbẹ́ míṣọ́n CAPRO sílẹ̀ ní Zaria ní 1975, ọ̀rọ̀ míṣọ́n ti di ọ̀rọ̀ ọmọ Nàìjíríà fúnra rẹ̀. Mo ti rí àwọn kan lẹ́yìn wọn tó gbé gbohùngbohùn wá, tí wọn kò mọ orúkọ ẹni tó ń ta omi fún wọn. Wọn kì í pẹ́.

Ọjà wa tó dára jù ni ibùdókọ̀ ojú irin. Àwọn onítáksí àti alábàárù ń jẹ wàínà kí reluwé àárọ̀ tó lọ. Ní alẹ́ 28 Oṣù Kẹta 2022, àwọn agbébọn dá reluwé tó ń bọ̀ láti Àbújá lọ́nà kó tó dé Rigasa. Wọ́n pa ènìyàn, wọ́n kó ọ̀pọ̀ wọ igbó, Oṣù Kẹwàá ni àwọn tó kẹ́yìn nínú wọn tó gba ìdáǹdè. Mùsùlùmí wà nínú wọn, Kìrìsìtẹ́nì wà nínú wọn. Nígbà tí ìròyìn náà kàn, Goggo kan ilẹ̀kùn wa, wọ́n jókòó sí pálọ̀. Wọ́n ń fa tẹ̀sùbáà, bàbá ìbejì ń gbàdúrà ní Yorùbá, kò sì sẹ́ni tó sọ pé kí ẹnì kejì dákẹ́. Láàárọ̀ a dín wàínà díẹ̀, torí ibùdókọ̀ ti dá páropáro. Oṣù Kejìlá ni reluwé tó tún rìn. Láàárín ìgbà yẹn, ẹnu ọ̀nà nìkan la ti ń tà, a sì dín mudu ìrẹsì kù.

Nígbà ààwẹ̀ Ràmàdáánì, a kì í dáná lójúmọmọ. Lẹ́yìn àsárì ni iṣẹ́ ń bẹ̀rẹ̀, kí wàínà lè gbóná fún ìṣínu. Èmi kì í tọ́ ọ wò lójú Goggo ní àsìkò yẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ní kí n máa tọ́ ọ. Imú ni mo fi ń mọ̀ ọ́n, ìyẹn sì ti mú kí imú mi mú sí i. Bí ọjọ́ Kérésì bá dé, Goggo ló ń wá dín ti ilé wa, wọn kì í jẹ́ kí n fọwọ́ kan ìgbákọ.

Kò sí fírídọ̀mù bí ti ilẹ̀ wa, tí wọn ó wọ aṣọ funfun fún ọmọ iṣẹ́, tí wọn ó ya fọ́tò. Goggo kàn fún mi lówó lọ́jọ́ kan, wọ́n ní kí n lọ ra tanda fún ara mi, kí n má jẹ́ kí wọ́n ta èyí tó sán fún mi, kí n fi ìka kàn án kí n gbọ́ ohùn rẹ̀ kí n tó sanwó. Nígbà tí mo gbé e dé, wọ́n kàn án, wọ́n ní ó dára. Láti ìgbà náà ni mo ti ń dín tèmi. Lára rẹ̀ ni owó iléèwé àwọn ìbejì ti ń jáde nígbà tí ti ilé bá falẹ̀.

Ìwé ìròyìn tí a ń kọ ránṣẹ́ sílé ní ibi tí a ń kọ iye ọkàn tí a jèrè sí. Kò sí ibi tí mo lè kọ Goggo sí nínú rẹ̀. Wọn kò yí ẹ̀sìn padà, wọn kò sì sọ fún mi rí pé kí n yí tèmi. Wọ́n ti gbọ́ ìtàn Jésù lẹ́nu mi nídìí èédú, èmi náà ti gbọ́ bí wọ́n ṣe ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run nígbà tí ọjà kò tà. Ní Kàdúná yìí kan náà ni Pásítọ̀ James Wuye àti Ìmáàmù Muhammad Ashafa ti bá ara wọn jà ní 1992. Pásítọ̀ pàdánù apá, Ìmáàmù pàdánù olùkọ́ rẹ̀ àti ìbátan méjì. Nígbà tó sì di 1995 wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ àlàáfíà. Iṣẹ́ tiwọn tóbi. Tèmi kò ju pé àwọn obìnrin àdúgbò tí kì í kí mi tẹ́lẹ̀ ń rán ọmọ wọn wá ra wàínà lọ́wọ́ mi, tí méjì nínú àwọn ọmọbìnrin wọn sì ń ṣa òkúta níwájú mi lọ́wọ́lọ́wọ́.

Ẹ̀yin alàgbà ìjọ tí ẹ ń rán ìdílé wá sí òkè Ọya, mo bẹ̀ yín: kí ẹ tó ra gbohùngbohùn fún wọn, ẹ wá ọ̀gá fún wọn láàárín àwọn ará ìlú, kí wọ́n kọ́ṣẹ́ kan, ì báà jẹ́ aṣọ rírán, ì báà jẹ́ alùpùpù títún ṣe, ì báà jẹ́ wàínà. Ẹ sì fi owó ìkọ́ṣẹ́ náà ránṣẹ́ lásìkò. Goggo kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ọ̀gá ni Goggo.